Màmá mi fẹ́ dá wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́, láti Èkó lọ sí ìlú òyìnbó: ẹ là mí lọ́yẹ̀

ỌmọÒṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn jìnnà. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Leeds bí ọmọkùnrin jòjòló ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá wa sì fẹ́ lọ kí wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa lò. Físà UK ti jáde, ìyẹn ti bọ́. Èyí tó kù ni pé Màmá ò wọ bàálù rí, ẹni ọdún 68 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ ò ju èyí tí wọ́n fi ń bá àwọn òyìnbó tó ń wá fún Ọdún Ọ̀ṣun nájà lọ.

Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì kan tó dínwó gan-an: bàálù kan láti Èkó dé Frankfurt, bàálù ilé iṣẹ́ mìíràn láti ibẹ̀ dé Manchester. Ṣé kí n rà á? Ìkejì, Màmá ti kó ìdajì Ọjà Ọba wálé: èlùbọ́, gàrí, ẹja, ẹran gbígbẹ, epo, àgbo. Èwo ló lè kọjá níbẹ̀? Ìkẹta ló ń dùn mí jù: báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ọ̀nà nínú pápákọ̀ òfurufú ńlá yẹn láìsí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?

Baba_Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Àbúrò, gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù yẹn! Má tíì sanwó.

Mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà ó lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irú èyí tó o rí yẹn ló ń gbé èèyàn wá bá mi tomijé-tomijé. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ tó gbé wọn dé Frankfurt ò mọ ti ìkejì rí. Ẹrù Màmá á jáde ní Frankfurt, àwọn fúnra wọn ló máa lọ gbé e, wọ́n á sì tún lọ tò sí káńtà tuntun. Kí wọ́n tó lè dé ibi ẹrù, wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n Jámánì, físà Schengen, ìyẹn físà kan náà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ti UK ò já mọ́ nǹkan kan fún wọn. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́ dé, èkejì ti lọ nìyẹn, owó ti wọgbó, kò sẹ́ni tó máa dá a padà.

Kódà ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, tí Màmá ò sì ní jáde síta rárá: Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ará Schengen ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ wọn kí wọ́n tó pààrọ̀ bàálù lásán. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tí kò tíì kú bọ́ nínú rẹ̀. Físà UK ti kúrò nínú àwọn tó ń gbani sílẹ̀ látìgbà tí UK ti bá EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, túká. Káńtà Èkó gan-an ni wọ́n ti máa dá Màmá padà, tẹrù-tẹrù.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó pa mọ́ lè gba Istanbul tàbí Addis Ababa, lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn ò ní wàhálà físà bí kò bá ti jáde. Ṣùgbọ́n ti Màmá tó ń ti orúnkún jẹ̀rora? Èkó sí London tààrà. Bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Kó o wo pápákọ̀ tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa o. Gatwick ni Air Peace ń gbé èrò Èkó lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní March 30, 2024, àwọn mìíràn ń balẹ̀ sí Heathrow. Ibi méjèèjì jìnnà síra. Kí ọkọ àbúrò ẹ má lọ dúró sí Heathrow kí Màmá jókòó sórí ẹrù ní Gatwick.

Orúkọ tún ńkọ́. Bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kó o kọ ọ́, létà sí létà. Má kọ "Deaconess" tàbí "Alhaja" mọ́ ọn. Mo rẹ́ni tó kọ "Iya Ibeji" rí, mi ò parọ́.

ỌmọÒṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́)

Háà! Mo ti tẹ nọ́ńbà káàdì tán, OTP ni mò ń dúró dè. Ẹ ṣeun sà. Ọlọ́run ló ní kí íntánẹ́ẹ̀tì wa máa fà lónìí.

ỌmọÀjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Ẹ má gbàgbé wa ní ìhà ibí o. Àwọn ará Èkó ń wá wọ bàálù ní Kútọnu nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì tibẹ̀ bá dínwó ju ti Ìkẹjà. Pápákọ̀ Cadjèhoun wà láàárín ìgboro, kò tóbi, èèyàn ò lè sọnù níbẹ̀. Ẹ ṣáà mú káàdì ìyẹ́lò dání, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yellow fever, wọ́n ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ò nílò òmíràn mọ́, láti July 2016 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní ẹ̀ẹ̀kan náà tó fún gbogbo ayé ẹni, kẹ́nì kan má fi ọdún mẹ́wàá àtijọ́ gbowó lọ́wọ́ yín.

Baba_Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ajé, 9:26 alẹ́)

@ỌmọÀjàṣẹ́ òótọ́ lẹ sọ fún ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Àmọ́ láti Òṣogbo, kí Màmá tún la ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá kí wọ́n tó wọ bàálù? Rárá o.

Alhaja_Ẹlẹ́rù (Ọjọ́ Ajé, 10:03 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ẹrù sọ, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Dubai, Guangzhou, Jeddah, mo ti di ẹrù débi pé tí mo bá fọwọ́ gbé àpótí mo mọ kílò tó wà nínú rẹ̀.

Ìwọ fúnra ẹ má gbọ́kàn lé ọwọ́ bíi tèmi. Tó o bá ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gùn nílé, gùn ún lásán, kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Gbé àpótí mọ́ra, tún gùn ún. Yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà fún àpótí kan. Ìwọ dì í dé 22, torí òṣùwọ̀n wọn àti tìrẹ lè máà bára mu. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 32 láé, kódà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, torí àwọn tó ń gbé e ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ̀yìn.

Èlùbọ́ àti gàrí: náílọ̀nù tó nípọn. Mo máa ń tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, màá yí ẹnu ẹ̀ pọ̀, màá fi sẹ́lótéèpù wé e nígbà méjì, kí n tó kó o sínú náílọ̀nù kejì. Màá wá fi máákà kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára ní Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà. Nǹkan lẹ́búlẹ́bú tí kò lórúkọ ń já àwọn ẹ̀ṣọ́ láyà, pàápàá èyí tó bá funfun.

Epo pupa, ẹ gbọ́: ẹ má kún un dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń fẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, á sì ti ìdérí. Ìgbà tí mi ò tíì gbọ́n, mo kún lítà márùn-ún dé góńgó, mo tẹ́ ẹ sáàárín léèsì funfun tí mo fẹ́ lọ fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí mo ṣí àpótí, léèsì ti di ti oníṣàngó. Kí epo jìnnà sí aṣọ. Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù yín, torí àwọn kan ò gbà á rárá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Bó jẹ́ aládùúgbò, bó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, bó jẹ́ "ẹ jọ̀ọ́, oògùn màmá mi ni". Ní òpin ọdún 2018, wọ́n so nọ́ńbà ẹrù ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan mọ́ báàgì tí tramadol wà nínú ẹ̀ ní pápákọ̀ Kano. Umrah lọmọ náà ń lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀. Saudi tì í mọ́lé, ìparí April 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Òun ò tiẹ̀ gba ẹrù ẹnikẹ́ni o! Nítorí náà, kí Màmá ka iye bébà tí wọ́n lẹ̀ fún wọn ní káńtà. Àpótí méjì, bébà méjì. Bó bá di mẹ́ta, kí wọ́n pariwo.

ÌyáÌbejì_Peckham (Ọjọ́ Ajé, 11:15 alẹ́)

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ẹran gbígbẹ yẹn, fi sílẹ̀ fún ara yín ní Òṣogbo. UK ò gba ẹran kankan láti Nàìjíríà, bó gbẹ, bó tutù, bí wọ́n dín in. Pọ̀nmọ́, ṣàkì, kílíṣí, adìyẹ, gbogbo rẹ̀ ni. Wàrà àti wàràǹkàṣì náà ò wọlé. Ẹja ló rọrùn: wọ́n gbà tó kílò 20, kí ó ṣáà jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ ìfun ẹ̀. Oyin, kílò méjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ò ní ìyọnu. Iṣu àti ewé tútù ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn, ta ló fẹ́ máa wá ìyẹn kiri? Ẹ jẹ́ kó wà ní ìyípadà: èlùbọ́ dípò iṣu.

Kí n sọ tòótọ́, Peckham ni mò ń gbé, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ tí mi ò lè rìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ rà. Leeds náà ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ohun tí ọmọ yẹn ń fẹ́ ni ata gígún tí Màmá fọwọ́ ara wọn gún. Ìyẹn ò wúwo.

Kílíṣí_Ni_Tèmi (Ọjọ́ Ajé, 11:31 alẹ́)

Ọdọọdún ni mo ń gbé kílíṣí wọlé, wọn ò mú mi rí. Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí ń bẹ̀rù jù.

ÌyáÌbejì_Peckham (Ọjọ́ Ajé, 11:38 alẹ́)

Wọn ò *tíì* mú ọ. Ajá tó wà níbẹ̀ kì í gbọ́ Yorùbá o, àmọ́ ó gbọ́ òórùn kílíṣí. Ṣé o fẹ́ kí ìyá ẹni ọdún 68 dúró síbẹ̀ kí wọ́n máa tú ìró wọn wò?

Ìdúró_Káńtà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Mo ti ṣiṣẹ́ ní káńtà bàálù rí ní Èkó, mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí táwọn èèyàn kì í mọ̀.

Béèrè wheelchair. Ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tó o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kó o sọ ọ́, tàbí ó pẹ́ tán, kó ku wákàtí 48 kí bàálù gbéra. Kì í ṣe orúnkún nìkan ló wà fún. Ẹni tó ń tì í mọ gbogbo ọ̀nà: á gbé Màmá kọjá ibi àyẹ̀wò, lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, dé ẹnu bàálù. Ní London, ẹlòmíràn á tún gbé wọn láti ẹnu bàálù dé ibi ẹrù, á bá wọn gbé e, á sì tì wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn. Ìbéèrè rẹ kẹta nìyẹn, ó ti tán.

Wọ́n á bi ọ́ bóyá Màmá lè gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá lè rìn díẹ̀ tí wọ́n sì lè gùn ún, WCHR ni wọ́n máa kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí àtẹ̀gùn bá jẹ́ ìṣòro, sọ bẹ́ẹ̀, WCHS ni wọ́n máa kọ. Kó o rí létà yẹn lójú ara ẹ, torí "a ti gbọ́ ma" lórí fóònù ò tó.

Kò sówó tí ẹnì kankan gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn nítorí ẹ̀. Kí Màmá sì mọ̀ pé àwọn oníwheelchair ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé, àwọn náà ló sì máa ń jáde kẹ́yìn. Tí gbogbo èèyàn bá ń sáré jáde, kí wọ́n jókòó wọn jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ màmá ló máa ń bá àwọn èrò dìde, tí ẹni tó wá gbé wọn á sì máa wá wọn kiri.

ỌmọÒṣogbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:34 àárọ̀)

Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní ṣé òun ti yarọ ni? Ṣé kí àwọn ọ̀tá òun ní Òṣogbo gbọ́ pé àga ni wọ́n fi gbé òun wọ ìlú òyìnbó?

Ìdúró_Káńtà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 àárọ̀)

Hahaha! Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn pé ọba kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀lú.

Nọ́ọ̀sì_Birmingham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán)

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Nínú páálí ẹ̀ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà. Kí ẹ kó èyí tó máa tó oṣù mẹ́ta dání, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ẹ má dà á sínú ike àtijọ́ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àwọn màmá wa ṣe máa ń ṣe, tó jẹ́ pé àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹsẹ̀ ló máa wú. Ìjókòó tó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dúró sójú kan nínú iṣan ẹsẹ̀, ó sì lè dì. Kí wọ́n béèrè ìjókòó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n lè dìde láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rìn dé ẹ̀yìn kí wọ́n padà. Tí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n máa fi gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ẹni ń tẹ maṣíìnì ìránṣọ. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ dára, àmọ́ kí dókítà wọn kọ́kọ́ gbà pé ó bá wọn mu. Bàtà tó ṣe é tú ni kí wọ́n wọ̀, torí ẹsẹ̀ tó bọ́ bàtà lókè lè kọ̀ láti padà sínú ẹ̀ nílẹ̀.

Omi! Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ bí ọyẹ́. Àwọn màmá kì í fẹ́ mu omi torí wọn ò fẹ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́ bàálù. Ẹ bá wọn sọ ọ́. Tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, etí á dí: kí wọ́n máa lá mínítì, kí wọ́n máa gbé itọ́ mì. Ẹni tó bá gbé ọmọ ọwọ́, kó fún un lọ́mú lásìkò yẹn gan-an.

Àgbà_Houston (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ fi ohun tí mo ṣe fún ìyá ìyàwó mi kún un nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n òun ló ṣiṣẹ́ jù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ní kí àbúrò ìyàwó mi to àga mẹ́fà sí pálọ̀ ní Iléṣà, mẹ́ta síwájú, mẹ́ta sẹ́yìn. Ó fi bẹ́líìtì kan ṣe bẹ́líìtì bàálù, ó kọ́ Màmá pé kì í ṣe kí a tẹ ibi kan, ńṣe la máa ń gbé irin pẹlẹbẹ yẹn sókè kó tó tú. Ó ṣe bí olùtọ́jú èrò, ó gbé abọ́ oúnjẹ kọjá, ó bi wọ́n: chicken tàbí fish? Màmá kọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó wá kọ́ wọn ní ilé ìyàgbẹ́: ilẹ̀kùn ẹ̀ ń ká sí méjì, àárín rẹ̀ la ń tì, iná ò ní tàn dáadáa àfi tí a bá fa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Tí a bá tẹ bọ́tìnnì omi, á ké wàà! bí ẹni fẹ́ gbé èèyàn mì, kì í ṣe pé bàálù fẹ́ já. Ìyẹn nìkan ti yọ wọ́n nínú ẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà, káàdì. Páálí kékeré kan, okùn lọ́rùn, bí ti ọmọ iléèwé. A kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ wọn, pé Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́, nọ́ńbà bàálù, àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ń lọ, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ń dúró dè wọ́n, àti oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ má sọ pé nọ́ńbà wà lórí fóònù. Fóònù lè kú. Ìwé kì í kú.

Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú ìmígíréṣọ̀n, òótọ́ ni kí wọ́n sọ, ṣókí: ọmọ mi bímọ, mo wá kí wọn, oṣù mẹ́ta, ọjọ́ báyìí ni mò ń padà. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wà lọ́wọ́. Bí wọn ò bá gbọ́ra wọn yé, kí wọ́n sọ "Yoruba interpreter, please", ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè. Kí ẹ fi kọ́ wọn bí orin.

Ẹ̀yin tí tiyín ń bọ̀ sí Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tó wà lórí físà kọ́ ló ń sọ iye ọjọ́ tí èèyàn lè dúró o. I-94 ni, àkọsílẹ̀ ìwọlé tí ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà ń ṣe fún èèyàn. Tí màmá yín bá ti wọlé, ẹ lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì.

Àgbo_Ìyá_Mi (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:19 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ àgbo. Nǹkan olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ ò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ ní Èkó, láti 2006 ni òfin yẹn ti dé káàkiri ayé, nígbà tí wọ́n mú àwọn tó fẹ́ fi nǹkan olómi fọ́ bàálù ní London. Ìyá mi gbé ìgò àgbo orí kan dání. Ọmọge tó ń yẹ báàgì wò ní "Mummy, ẹ máa dà á nù." Màmá wò ó, wọ́n wo ìgò náà, wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e sẹ́nu, ó di gbìn-gbìn-gbìn títí ó fi tán. Wọ́n fún ọmọge náà ní ìgò lófìfo, wọ́n ní "Gbà, dà á nù." Mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ìgbà mélòó ni wọ́n lọ sí ilé ìyàgbẹ́ nínú bàálù ọ̀hún? Ẹ má bi mí.

Power bank náà, ti òdìkejì ni: báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kì í lọ sábẹ́ bàálù, nítorí iná. Kó má ju 100Wh lọ. Èyí tí wọ́n kọ 20,000mAh sí lára, bíi 74Wh ni, ó kọjá.

Ará_Mọ́níyà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́)

Ọjọ́ wo ni Màmá ń gbéra? Tó bá jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tàbí kí ẹ ti sùn sí Èkó. Ìsìn Holy Ghost ní Redemption City ni, ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kì í ṣe tèèyàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ káńtà ló ń tì nígbà tó bá ku wákàtí kan, wọn ò sì ní gbọ́ pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló mú yín.

ỌmọÒṣogbo (Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀)

Jímọ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni mo mú! Mo ti sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Èkó sí London tààrà, àpótí méjì, WCHS, mo fi ojú ara mi rí létà náà. Ìbéèrè kan ló kù: bí ẹrù ò bá dé ńkọ́?

Ìdúró_Káńtà (Ọjọ́rú, 7:55 àárọ̀)

Ya fọ́tò àpótí méjèèjì kí wọ́n tó lọ, ìta àti inú. So aṣọ mọ́ ọwọ́ ẹ̀, àdìrẹ pọ̀ nílé yín. Bí kò bá jáde, kí wọ́n má kúrò nínú gbọ̀ngàn ẹrù láìgba ìwé ẹ̀sùn ẹrù tí wọ́n ń pè ní PIR, nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n fi ń tọpa rẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́, ọjọ́ 7 lẹ ní láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ bàálù. Ẹrù tó pẹ́ dé, ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àdéhùn Montreal ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀, owó tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san fún èrò kan sì ti di SDR 1,519 (owó ìṣirò àjọ IMF) láti December 28, 2024. Kí wọ́n kó aṣọ ọjọ́ méjì sínú báàgì ọwọ́, títí kan súwẹ́tà. Inú bàálù tutù.

ỌmọÒṣogbo (ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́rú, 2:30 ọ̀sán)

Ẹ bá mi yọ̀ o! Màmá ti dé Leeds láàárọ̀ yìí.

Kí n sọ bó ṣe lọ. A to àga sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe èrò, Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ. Káàdì wà lọ́rùn wọn lábẹ́ ìborùn. Nígbà tí wheelchair dé ní Ìkẹjà, wọ́n kọ́kọ́ yẹra. Ọmọkùnrin tó fẹ́ tì í dọ̀bálẹ̀, ó ní "Màmá, ẹ jókòó kí n rí ọ̀nà gbà kọjá, torí ẹ̀yin lẹ máa bá mi gé ìlà yìí." Ìlà náà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Màmá jókòó kíá.

Ẹnì kan sì wá bá wọn lóòótọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun mú báàgì kékeré kan dání. Màmá ní Alhaja kan ní kí òun má gbà. Ẹni náà bi wọ́n pé Alhaja wo? Wọ́n ní Alhaja orí fóònù.

Bébà méjì, àpótí méjì, méjèèjì dé. Ìmígíréṣọ̀n béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré. Epo ò da. Ẹja wọlé. Ẹran ti wà nínú ìkòkò mi níbí.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí Màmá ní: wọ́n ní adìyẹ òkè yẹn, kò sẹ́ni tó fi iyọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì_Birmingham (Ọjọ́rú, 3:12 ọ̀sán)

Ẹ kú oríire! Bá mi sọ fún Màmá pé ẹ̀bi alásè kọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti òkè tí a wà ló ń mú kí ahọ́n àti imú má gbọ́ iyọ̀ àti ṣúgà dáadáa mọ́.

Alhaja_Ẹlẹ́rù (Ọjọ́rú, 3:20 ọ̀sán)

Tí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n wé ata gígún díẹ̀ sínú náílọ̀nù kékeré, kó wà nínú pọ́ọ̀sì. Ata kì í ṣe olómi.